Omi Inú Bàsíà Kì í Gòkè

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, iwájú orí rẹ̀ ti ń pá, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú fún ìdọ̀tí irin tí ọṣẹ kò ràn mọ́. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tóóró. Tábìlì kan, fáìlì, òòlù kékeré, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín tí wọ́n so rọ̀ lára ògiri bí ẹja gbígbẹ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sọnù, òun ní í ké pè. Á dé, á wo ilẹ̀kùn, á gbétí lé e, á ki irin wẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Onílé á pàtẹ́wọ́, á máa yìn ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó máa ń rò ni pé: bó bá rọrùn fún mi báyìí, ta ni kò rọrùn fún?

Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Kì í ṣe olè o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn láti ìgbà èwe kì í gba ilẹ̀kùn kankan gbọ́ mọ́. Bó bá ra àgádágodo tuntun sílé ara rẹ̀, á kọ́kọ́ tú u palẹ̀, á da ìfun rẹ̀ síta, á tún un tò bó ṣe wù ú, á wá gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún un.

"Àwọn tó ṣe é ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ṣe é," ni ìdáhùn rẹ̀ bí wọ́n bá bi í.

Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé wà lára òrùka irin kan ní ìbàdí rẹ̀, ó so òwú mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rùn. Òwú pupa, ẹnu ọ̀nà ìta. Òwú dúdú, yàrá. Òwú aláwọ̀ ewé, ilé ìdáná. Bó bá ń bọ̀, etí ló ń kọ́kọ́ rí i.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lápò rẹ̀. Á fi fa ìlà sára ìgò òróró níbi tí òróró dúró sí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bù ú. Ìyàwó rẹ̀ ti bá ìlà yìí gbé títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìyàwó bá bu òróró, á nu ìlà àtijọ́ nù, á fa tuntun síbi tí òróró tún dúró sí. Ọkọ á dé, á wo ìlà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe jọ gbé tí àwọn ọmọ fi dàgbà, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹnì kẹta nínú ilé ni àbúrò ìyàwó. Iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe, Akunlé ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wá fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà gbòòrò. Aláwàdà ni, ẹlẹ́nu dídùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òórùn ọ̀dà kì í jẹ́ kí òun mọ adùn oúnjẹ mìíràn, àti pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni oúnjẹ tó wọ aṣọ wá láti ilé, tí èèyàn lè fọwọ́ kan bọ́ lórí àkàbà láìjẹ́ pé ọ̀dà ta sí i.

Kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ọkùnrin tó ń gbé inú ilé aṣekọ́kọ́rọ́ kò ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá tètè dé láti ibi iṣẹ́, á dojú agolo ọ̀dà dé lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó lé e, á máa kí àwọn tó ń kọjá títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á fi dé láti ilé iṣẹ́ ìránṣọ tó ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ìfura yìí náà ló sọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ di apọntí.

Ó fẹ́ràn bíà. Ọtí inú bíà kọ́ ló ń dẹ́rù bà á, ọwọ́ tó ṣí i ni. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń mu ún, á gbé ìgò sókè síná, á yẹ ìdérí wò. Ta ló ṣí eléyìí? Kí ló dé tó fi tètè ṣí? Kí ní ń léfòó nísàlẹ̀ yẹn? Àwọn ọ̀rẹ́ á ti mu tiwọn tán kó tó bi ìbéèrè tirẹ̀ tán. Níkẹyìn, ó kúkú pinnu. Èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pọn, níbi tí kò sí ojú ẹlòmíì, òun ló máa mu.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì tó ń ta ọkà ọtí àti ìwúkàrà, èròjà tó ń mú búrẹ́dì wú tó sì ń mú ọtí hó. Ìyá Oníwúkàrà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà àlìkámà, èyí tí ojú rẹ̀ kì í mọ́ gaara, tó ń rú bí omi tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí. Àkọ́kọ́ tó pọn kan. Kíkan burúkú, tó ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé. Ìyá Oníwúkàrà ní ooru ló bà á jẹ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní ìwúkàrà tó tà fún òun ti kú kí òun tó rà á. Kò dà á síta, ó kàn ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan wò nígbà gbogbo, bí ẹni ń wo àwòrán òkú.

Ó pẹ́ kó tó padà lọ síbẹ̀. Ooru tún ti dé. Òpópónà ń yọ́, àwọn ajá ń sùn lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ kú àtijọ́, Bàbá Kọ́kọ́rọ́," ni Ìyá Oníwúkàrà wí bó ṣe ń wọn àlìkámà fún un. "Ẹ gbọ́ o. Ìwúkàrà ti àlìkámà yìí, ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Bí ooru bá ti mú un pẹ́nrẹ́n, ó máa ń..."

"Ooru." Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gé e lẹ́nu. "Ẹ ti ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rù kí n tó délé. Ẹ dì í fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ni?"

"Ẹni tó ń tajà kì í sọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀ tán."

Ó san owó, ó lọ. Obìnrin náà fọwọ́ lérán, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ló pọn ọ́n. Ó lé gbogbo ènìyàn kúrò nílé ìdáná. Ó da ọkà tí wọ́n ti lọ̀ sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó: àlìkámà tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì yan gbẹ, pẹ̀lú báálì tí wọ́n ṣe bákan náà fún. Ó fi aṣọ ìbora àtijọ́ we ìkòkò náà bí ẹni ń we ọmọ tuntun, kí ooru rẹ̀ má bàa sá. Ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi aláwọ̀ oyin. Ó dùn, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó gbé e padà sórí iná, ó da ewé kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù sí i, ó jẹ́ kó hó dáadáa, ó sì gbé ìkòkò ka inú omi tútù títí ó fi tutù. Garawa funfun olómọrí ló rọ ọ́ sí. Ó wọ́n ìwúkàrà sí i lójú, ó dé e pinpin. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ọmọrí jáde, ó rì sínú ìgò omi, kí èémí ọtí lè jáde kí ìdọ̀tí má sì wọlé.

Garawa kan péré. Ọtí ẹnì kan.

Yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé ló gbé e sí. Kò ní fèrèsé, ó sì tutù díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ó gbé garawa sínú bàsíà omi ńlá, ó fi tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bò ó, etí tówẹ́ẹ̀lì nínú omi kó lè máa fa òtútù sókè. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì. Ó fa ìlà sára bàsíà níbi tí omi dúró sí gan-an. Ó jáde, ó fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Òwú funfun ni ti kọ́kọ́rọ́ yìí.

"Ẹ tún ti ní ilẹ̀kùn tuntun," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ ibẹ̀."

"Ta ló fẹ́ súnmọ́ ibẹ̀? Ọtí yín ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

"Ọtí ò lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ní ẹsẹ̀ ni mò ń bá wí." Ó sì wo Akunlé.

Ní ọjọ́ kejì, bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ bàtà. Yàrá ìkẹ́rù ló gbà lọ. Ó gbọ́ ọtí láti ẹnu ọ̀nà, gúlúgúlú, gúlúgúlú, ìgò omi ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó dúró. Ó fa èémí símú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ṣeé ṣe àṣìmọ̀. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn àpótí. Kò rí èèpo kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ wo bàsíà.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì ń wò ó láti abẹ́ omi.

Omi inú bàsíà kì í gòkè. Nínú ooru tó ń gbẹ aṣọ lórí okùn kí wọ́n tó sá a tán, ṣe ló yẹ kí omi fà. Bó bá gòkè, ọwọ́ ló gbé e gòkè. Ọwọ́ tó ti wọlé. Nínú yàrá tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó padà sí pálọ̀. Akunlé wà lórí àga, ó na ẹsẹ̀, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gba ọ̀kan?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tẹjú mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń dẹ pàkúté. Ó lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó bù ú sílẹ̀ yàrá ìkẹ́rù kó tó jáde, kí ojú ẹsẹ̀ olè lè hàn. Ó dé. Kò bá ojú ẹsẹ̀ kankan. Kò bá ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ti gbá a.

Olè tó ń gbálẹ̀! Ẹlòmíì ìbá ti ronú sí i. Ṣé gbogbo ènìyàn ló ń gbálẹ̀ nínú ilé yìí ni? Rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, ọmọ yìí gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ́lẹsẹ̀ Akunlé nídìí oúnjẹ. Ó ń ju síbí sílẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Kí lẹ ń wá lẹ́sẹ̀ àbúrò mi?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Síbí ni."

"Síbí yín ti ya alárìnká lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí o."

Akunlé rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, Àǹtí mi. Bóyá wọ́n fẹ́ ra bàtà fún mi."

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo kúrò nílẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti wọlé lọ, ó dúró ti ọkọ rẹ̀ lórí. "Mo mọ ojú yẹn. Ojú tẹ́ ẹ fi wo Ìyá Oníwúkàrà nìyẹn, ojú tẹ́ ẹ fi wo gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo nìyí. Ọjọ́ tí ẹ bá lé e jáde, ẹ wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa fa ìlà ṣọ́ọ̀kì fún."

Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ìfura dà bí ibi tó ń yún ni, bí èèyàn bá ti fọwọ́ kàn án, ọwọ́ kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọtí dákẹ́ nínú garawa. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó fi ṣúgà díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè hó, ó dé wọn, ó tò wọ́n sórí pákó nínú yàrá kan náà. Ó dúró de ọjọ́ tó yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tètè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ délé kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Akunlé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, lórí agolo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tètè dé lónìí. Àbí ilẹ̀kùn ti tán nígboro ni?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ìta, ó sì lọ sẹ́yìn tààrà. Ó di àgádágodo mú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

Àbàwọ́n funfun wà lára irin. Kékeré, bí èékánná ọmọdé. Funfun bí ọ̀dà ògiri.

Ó mú ìgò kan jáde, ó bọ́ sí pálọ̀, ó ṣí i. Ṣíì. Ìfófòó gòkè, ó funfun, ó nípọn. Ọtí rú bó ṣe yẹ kó rú, tàbí bí ohun tí wọ́n po nǹkan mọ́. Ó gbé e símú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó dùn gan-an, ìyẹn ló sì bí i nínú jù.

"Akunlé. Wá gbóòórùn èyí."

Akunlé fimú sí ife. Ojú rẹ̀ là. "Háà! Ọ̀gẹ̀dẹ̀!"

"O ti jẹ́wọ́."

"Kí ni mo jẹ́wọ́? Ẹ ní kí n gbóòórùn, mo gbóòórùn."

"Ta ló ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ilé yìí?"

"Èmi ni. Ṣé èyí tí mo jẹ síkùn ara mi ló wá yọ nínú ọtí yín?"

"Ta ló ń da omi sí bàsíà mi? Ta ló ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀? Ọ̀dà funfun ta ló wà lára àgádágodo mi?"

"Ọ̀dà funfun?" Akunlé na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Aláwọ̀ ewé dé ọrùn ọwọ́. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti pọn ọtí yìí, ilé alájà kan là ń kùn, àwọ̀ ewé la sì ń kùn ún látòkè délẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ tí o ti mọ̀ pé mo máa wò ni."

Ibẹ̀ ni àwàdà ti tán lójú Akunlé. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí òjò bá ń pa mí lẹ́nu ọ̀nà yín, mi ò béèrè kọ́kọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní ọlọ́dẹ yín, mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́jọ́ kan ẹ máa fojú ara yín rí irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹ wá rí olè."

Ó wọlé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Agolo tó fi ń jókòó nìkan ló fi sílẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó dé, agolo yẹn ló kọ́kọ́ rí.

"Àbúrò mi dà?"

Ọkọ rẹ̀ sọ fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi. Ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀dà. Ó sọ ọ́ létòlétò, bí ẹni tó ti ń múra ẹjọ́ tipẹ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí ó fi sọ ọ́ tán, báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká.

"Ẹ dìde," ló wí.

Ó ṣáájú lọ sẹ́yìn. Ó fi ìka kan nu àbàwọ́n funfun orí àgádágodo. Ó kúrò pátápátá. Ó gbé ìka náà sókè sójú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ọ̀dà ló máa ń kúrò báyìí? Ṣọ́ọ̀kì nìyí. Ta ló ń kó ṣọ́ọ̀kì kiri nínú ilé yìí?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyàwó kò tíì ṣe tán. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú báàgì rẹ̀, ti àtijọ́, tí ara rẹ̀ ti ń dán. Ó ki í bọ àgádágodo. Kẹ́ẹ́.

Ọkọ nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà. "Níbo... níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé yín. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ìta ni."

"Irọ́ ni. Òwú pupa ni ti ìta. Òwú funfun..."

"Ẹ má wo òwú. Ẹ wo eyín wọn."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tú òrùka kúrò ní ìbàdí. Ó to àwọn kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Eyín gíga, kúkurú, kúkurú, gíga. Pupa bẹ́ẹ̀. Dúdú bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ ewé, funfun, ìkan náà. Láti ìgbà tó ti ń tú àgádágodo ilé rẹ̀ palẹ̀ tó ń tún wọn tò, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gba ọ̀nà kan náà lọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sóko. Òwú ló ń wò, kò wo eyín rí. Gbogbo ilé, kọ́kọ́rọ́ kan.

"Èmi ni mò ń wọlé," ni ìyàwó wí. "Èmi ni mò ń gbá ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń da lẹ́búlẹ́bú sí. Ìyá Oníwúkàrà rí mi lọ́nà, ó sọ ohun tí ẹ kò jẹ́ kó sọ tán fún yín. Ó ní bí ooru bá ti mú ìwúkàrà yẹn, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń mú jáde. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀ jù, á bàjẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ni mo bá ń ti ibi iṣẹ́ dé, mò ń gbé omi dídì látinú fíríìjì, mò ń dà á sí bàsíà yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ àgádágodo? Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń wo àwọn ìgò kíkan yẹn bíi pé ọmọ yín ló kú. Mo ní kí eléyìí má kan. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Ó kọjá lára rẹ̀. Ó wọ yàrá àbúrò rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ láti inú, ó yọ ọ́.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá fà yọ níbẹ̀ ló máa ṣí ilẹ̀kùn náà, ó ti wá mọ̀ báyìí. Ó gbé ọ̀kan sókè. Ó gbọ́ bí àga ṣe dún nínú yàrá, obìnrin náà ń fà á ti ilẹ̀kùn. Àga onígi lásán. Ó rọra gbé ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ilẹ̀kùn kan wà níwájú rẹ̀ tí kò ki nǹkan bọ̀.

Ó mú ìgò méjì, ó wé wọn sínú tówẹ́ẹ̀lì tútù. Ó jáde.

Kò ṣòro láti rí ilé aláwọ̀ ewé. Akunlé wà lórí àkàbà nínú àbáwọlé, báàgì aṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. Ó rí i, ó sì ń kun ògiri rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, àna mi," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí.

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Àna. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì kí i pẹ̀lú "ẹ" rí.

"Ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ má bínú. Ìwúkàrà ló ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń da omi. Ṣọ́ọ̀kì tèmi ló wà lára àgádágodo. Mo gbé ẹ̀bi fún yín, gbogbo rẹ̀ tèmi ni."

Akunlé sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi orí kọ́kọ́rọ́ yọ ìdérí ìgò, ó nà án sí i. Akunlé kò gbà á.

"Ẹ kọ́kọ́ mu ún."

"Èmi?"

"Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ẹni tó bínú sí mi lọ́sàn-án, tó gbé ọtí wá fún mi kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti gbé ilé yín pẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mu ún. Akunlé ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹ tún mu sí i. Ẹ gbé e mì. Ẹ la ẹnu."

Ó la ẹnu. Akunlé yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì bí oníṣègùn eyín. Lẹ́yìn náà ló gba ìgò, ó fimú sí i, ó gbé e mu. Ó nu ìfófòó ní ètè.

"Ká sòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ín, èmi náà á fura sí ara mi." Ó tún mu. Ojú rẹ̀ kò tíì rọ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá jókòó sórí agolo."

"Mo mọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀."

Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ já ọ̀kan lára àwọn tí kò ní eyín, ó fi sẹ́nu irin, ó mú fáìlì. Akunlé dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò. Eyín gíga. Ibẹ̀ ni fáìlì dúró sí. Ó lè gé e mọ́ ẹnu ọ̀nà ìta nìkan. Bó bá tún inú ti ìta tò lálẹ́ yìí, tó gé eyín mìíràn, ọmọ yìí á wọlé, á sì mọ ní pálọ̀. Kò ní gba àkókò. Ọmọ náà kò ní mọ̀ láé.

Ó fẹ́ eérú irin kúrò lójú rẹ̀. Kúkurú. Kúkurú. Gíga.

Kò so òwú mọ́ ọn.

Akunlé fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ìta. Ó wọlé, ó tún jáde, ó tún un ṣí. Ó lọ síwájú yàrá rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí, ó gbá àga.

"Mo ní kẹ́ ẹ má wọlé!" ni obìnrin náà ké láti inú. "Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ síbí..."

"Àǹtí mi, èmi ni."

Lẹ́yìn náà ni àga ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti jókòó ní pálọ̀, ó gbé ìgò tó kù síwájú ara rẹ̀. Kò yí ọrùn. Ó ń gbọ́. Kẹ́ẹ́, ilé ìdáná. Kẹ́ẹ́, yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ. Àgádágodo já lulẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Akunlé ké láti ẹ̀yìn. "Ó mà ń ṣí yàrá ọtí yín náà o!"

Òógùn bọ́ lágbárí Bàbá Kọ́kọ́rọ́. "Mo mọ̀," ló wí. "Mú ìgò méjì sí i bọ̀. Kó o sì da tówẹ́ẹ̀lì bo ìyókù."

Ìyàwó rẹ̀ jáde sí pálọ̀. Ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ó jókòó sí ìkángun àga, ọ̀nà jìn díẹ̀ sí i, kò jìn jù. Ó bu ọtí síwájú ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ rọ̀ níbi kékeré kan, lẹ́bàá ẹnu.

"Kò kan," ló wí.

"Kò kan," ni ọkọ dá a lóhùn.

Ó na ọwọ́ gbé ìgò náà, ó wo ibi tí ọtí dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti ń rákò lọ sápò.

"Mo rí yín o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó fà á padà.